Ìtàn Máńgòrò, àti ti Igi Kan tí Kò Ní Orúkọ

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ ti àgbàdo, tàbí ti ẹ̀wà, tàbí ti ìwà ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n igi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbọ́ òwe náà rí. Igi máńgòrò ni. Òun ni ó mú èmi tí iṣẹ́ mi ní yunifásítì jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè, tí n kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe lọ, di ẹni tí ń wá ìtàn igi kiri. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí a jọ rìn ín. Ìrìn náà gùn, ó sì la òkun kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa náà ni yóò padà sí.

Igi máńgòrò márùn-ún ni ó wà lẹ́yìn ilé bàbá bàbá mi nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Èkíní ni ṣẹ́rì, tí àwa ọmọdé máa ń jí lọ ká ní ìdájí kí àwọn àdán tó jẹ ẹ́ tán. Èkejì ni òpìoro. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ń pè ní máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ilé wa, máńgòrò lásán ni à ń pè é, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú ìlú kì í sọ orúkọ ìlú mọ́ ohun tí ó ń jẹ. Ẹ̀kẹrin ni máńgòrò kẹrosíìnì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní í béèrè ìdí tí a fi sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Okùn inú rẹ̀ a máa há sí ni léyín, síbẹ̀ àwọn kan wà nínú ilé wa tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀karùn-ún kò ní orúkọ. Máńgòrò Ìyá Àgbà ni a ń pè é, nítorí pé ìyá bàbá mi ni ó gbìn ín ní ọdún tí wọ́n gbé e wọlé. Èèpo rẹ̀ kì í pọ́n. Títí yóò fi rọ̀, ewé ni àwọ̀ rẹ̀ jọ, ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ kí a tó mọ̀ pé ó ti tó jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o, inú rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, kò sì sí okùn kan nínú rẹ̀. Adùn ni yóò kọ́kọ́ kan ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìkan díẹ̀ yóò tẹ̀lé e, bí ìkan àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n dáadáa. Àbùkù kan ni ó ní: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá ká a lónìí, ní ọ̀túnla ó ti bẹ̀rẹ̀ sí dúdú lára. Nítorí náà kò sí alájàpá tí í rà á. Ilé wa nìkan ni a ti ń jẹ ẹ́, àti ilé àwọn aládùúgbò tí Ìyá Àgbà bá fi ránṣẹ́ sí.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo gbin kóró mẹ́rin nínú èso igi yìí. Mo fẹ́ kí n ní tèmi. Gbogbo wọn ni ó hù. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan, ọ̀gbẹlẹ̀ pa ọ̀kan, méjì sì dàgbà. Ọdún méje ni mo fi dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n so, èkíní tóbi, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n omi ni ó kún inú rẹ̀, kò ní adùn. Èkejì kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ń ṣú ni, okùn sì kún inú rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní, "Ìyá, kóró tiyín ni mo gbìn o. Èwo ni èyí?" Ìyá tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣé o rí ilé tí ọmọ inú rẹ̀ ti jọra tán?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú wá sí yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ohun tí Ìyá Àgbà fi ẹ̀rín sọ ni gbogbo ìtàn máńgòrò dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Myanmar tí ó bá a pààlà ni a gbà pé máńgòrò ti ṣẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 4000 tí àwọn ènìyàn ìhà ibẹ̀ ti ń gbìn ín. Ọ̀nà méjì ni orúkọ rẹ̀ gbà jáde kúrò nílé, èyí sì ni ó kọ́kọ́ dùn mọ́ èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú. Ní èdè Sanskrit, āmra ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀ ni ām ti wá ní èdè Hindi. Àwọn oníṣòwò orí òkun gbé irú orúkọ yìí lọ sí ìwọ̀-oòrùn: àwọn Lárúbáwá ní ‘anba, àwọn Swahili ní embe. Ní ọdún 1331, nígbà tí arìnrìn-àjò nì, Ibn Battuta, dé Mogadishu ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó rí i tí wọ́n ń fi èso yìí jẹ ìrẹsì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó bá pọ́n, ó dùn. Bí kò bá tíì pọ́n, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, inú ọtí kíkan ni wọ́n sì ń pa á mọ́ sí. Èyí fi hàn wá pé máńgòrò ti tẹ ilẹ̀ Áfíríkà kí òyìnbó kankan tó tọ́ ọ wò níhìn-ín.

Ọ̀nà kejì ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìhà gúúsù Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Tamil àti Malayalam, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, èyí tí ó jọ māṅṅa létí. Etíkun Malayalam yìí ni Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1498. Àwọn Potogí gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di manga. Láti ẹnu Potogí ni àwọn Faransé ti mú mangue, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì mú mango. Igi rẹ̀ ni àwọn Potogí ń pè ní mangueira. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Yorùbá ti í gba ọ̀rọ̀ àlejò sílé tí í sì í fi fáwẹ́lì tirẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ pe mangueira lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ sì pe máńgòrò tẹ̀lé e. Èrò tèmi ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn Hausa náà ń pè é ní mangwaro, èyí tí ó fi hàn pé a kò dá nìkan wà nídìí ìró "ro" yìí.

Kí máńgòrò tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa ti ní òro tiwa nínú igbó, òun ni à ń fi inú kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Nítorí pé èso méjèèjì jọra lójú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ òro ní máńgòrò inú igbó. Ìjọra ojú ni, wọn kì í ṣe ẹbí. Ẹbí máńgòrò tòótọ́ tí a ní nílé ni ìyeyè, àti kajú tí òun pàápàá jẹ́ àlejò láti Brazil. Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìbátan yìí, kí ó ya ewé máńgòrò àti ewé kajú, kí ó sì gbóòórùn oje wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà. Ìdí tí ọmọ máńgòrò kò fi jọ ìyá rẹ̀ ni pé nínú kóró irú máńgòrò kan, ọlẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Ọlẹ̀ yìí ní ìyá, ó sì ní bàbá: ìyẹ̀fun òdòdó igi mìíràn tí eṣinṣin gbé wá ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ igi méjì ni ó pàdé nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ irú ọmọ tí yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máńgòrò ilẹ̀ Íńdíà rí. Ṣùgbọ́n irú kejì wà, tí ó pọ̀ ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà, tí ọlẹ̀ púpọ̀ ń bẹ nínú kóró rẹ̀ kan ṣoṣo. Ara ìyá nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn ọlẹ̀ wọ̀nyí ti jáde, nítorí náà ìyá gan-an ni wọ́n yóò jẹ́. Bí ẹ bá gbin kóró kan, tí ọ̀mùnú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì jáde láti inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn. Nínú kóró mẹ́rin tí mo gbìn nígbà èwe mi, ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan ni ó jáde. Igi náà ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní, èmi ni n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

A máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi rọ́pò. Irú máńgòrò tí ó jẹ́ ti Ìyá Àgbà kò lè fi ọmọ rọ́pò ara rẹ̀. Bí a kò bá gé ẹ̀ka ara rẹ̀ kí a lọ́ ọ sára igi mìíràn, ọjọ́ tí ó bá wó ni ó parẹ́ títí ayé.

Iṣẹ́ lílọ́ igi yìí ni àwọn Potogí mú bá máńgòrò ní Goa, ìlú tí Afonso de Albuquerque gbà ní ọdún 1510. Níbẹ̀ ni máńgòrò tí wọ́n ń pè ní Alphonso ti gba orúkọ, orúkọ Albuquerque yìí náà sì ni. Ní ọdún 1563, oníṣègùn Potogí kan, Garcia de Orta, tẹ ìwé kan jáde ní Goa nípa egbòogi àti èso Íńdíà, ìwé tí ó kọ bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún máńgòrò. Alphonso tí wọ́n ń jẹ ní Íńdíà lónìí kì í ṣe ọmọ Alphonso ìgbà náà. Ẹ̀ka láti ara ẹ̀ka ni, igi kan náà ni a ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Láti ọwọ́ Potogí ni máńgòrò ti dé Brazil ní nǹkan bí ọdún 1700. Nígbà tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, máńgòrò ti wà níbẹ̀. Wọ́n mọ espada, tí ó gùn tí ó sì tẹ̀ bí idà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Wọ́n mọ rosa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, àwọn tí wọ́n dé Èkó sì tẹ Pópó Àgùdà dó. Ní ọdún 1887, lábẹ́ Gómìnà Moloney, ìjọba dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta láti máa gbin igi eléso àti igi òwò láti ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n sì máa pín irúgbìn wọn. Lónìí, ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wà fún ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ìtàn méjì ni ó kù tí mo fẹ́ sọ kí n tó padà sílé, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀kọ́.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1782. Ọkọ̀ ojú omi Faransé kan ń kó igi kéékèèké láti erékùṣù wọn nínú Òkun Íńdíà lọ sí Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Haiti lónìí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Flora, tí ó wà lábẹ́ Ọ̀gágun Rodney, mú un lójú ọ̀nà, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Jàmáíkà. Wọ́n ti fi nọ́ńbà sára àwọn igi náà, ṣùgbọ́n ìwé tí ó sọ orúkọ wọn kò bá wọn dé. Ọ̀kan nínú àwọn máńgòrò náà ni ó gbé nọ́ńbà 11. Ó hù, ó so, ó dùn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé tí ó ti wá. Títí di òní, Nọ́ńbà 11 ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè é. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nígbà tí mo ka ìtàn yìí, àánú igi náà ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé oríire ni tirẹ̀: nọ́ńbà sàn ju àìlórúkọ lọ. Ohun tí a bá lè pè, a lè béèrè rẹ̀.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, John Haden, gbin kóró máńgòrò Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní Mulgoba ní ọdún 1902. Ó kú ní ọdún 1903. Ìyàwó rẹ̀, Florence, kò pa ọgbà náà tì. Ní ọdún 1910, ọ̀kan nínú àwọn igi náà so èso pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò jọ ti ìyá rẹ̀ rárá, ó sì dùn. Wọ́n fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sọ ọ́: Haden. Ọwọ́ tí ó gbìn ín kò kan èso rẹ̀.

Ọmọ Haden kan ni Tommy Atkins. Nígbà tí wọ́n gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn olùgbin máńgòrò ní Florida láàárín ọdún 1950 sí 1959, wọn kò gbà á, nítorí pé okùn pọ̀ nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ yi, ó pọ́n dáadáa, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ púpọ̀ láìbàjẹ́. Ọjà gba ohun tí àwọn atọ́nnúwò kọ̀. Lónìí òun ni ó kún ilé ìtajà ńláńlá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. N kò sọ pé kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjà kì í béèrè bí nǹkan ti dùn tó. Ó ń béèrè bí yóò ti rìn jìnnà tó. Èso tí kò lè rìnrìn-àjò, ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ilé rẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀yìnkùlé nìkan sì ni olùgbèjà rẹ̀.

Èyí ni mo mọ̀ ní ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi pè wá jọ, ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, àti pé máńgòrò Ìyá Àgbà ni ó wà lójú ilẹ̀ náà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó dúró."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dìde. Ṣé máńgòrò ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ? Igi mẹ́rin ni yóò ṣẹ́kù. Kí ni èyí ní tí àwọn yòókù kò ní?"

N kò rí èsì fọ̀. Bí mo bá ní ṣẹ́rì ni, gbogbo ènìyàn mọ ṣẹ́rì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbèjà ohun tí kò ní orúkọ? Bàbá Kékeré kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n fẹ́ fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àyè títí òjò yóò fi dá. Wọ́n gbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni ó kọ́ mi ní bí a ṣe ń lọ́ igi. Máńgòrò kẹrosíìnì tí mo gbìn sínú ọ̀rá, tí ìdí rẹ̀ ti tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé, ni a gé lórí. A la ojú ibi tí a gé sí méjì. A gbẹ́ ìdí ẹ̀ka ti Ìyá Àgbà bí èèkàn, a sì kì í bọ ojú ibẹ̀, kí awọ tútù tí ó wà lábẹ́ èèpo ti èyí lè kan ti ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń gba ara wọn mọ́ra. A fi ọ̀rá dì í le, a sì fi ọ̀rá mìíràn bò ó lórí kí ó má baà gbẹ. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo gbé sí ojú oòrùn, gbogbo wọn kú. Nínú mẹ́fà tí mo tún ṣe, tí mo gbé sábẹ́ òjìji, méjì rúwé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gé igi ńlá náà. Ìyá Àgbà kò jáde síta ní ọjọ́ náà.

Àwọn méjèèjì ti ga dé àyà mi báyìí. Wọn kò tíì so. Igi tí a lọ́ a máa so ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, a kò sì lè sáré ju igi lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá délé, Ìyá Àgbà a béèrè pé, "Ṣé ó ti yọ òdòdó?" Èmi a ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Ọjọ́ orí Ìyá ti lọ, èmi pàápàá sì ti ka ìtàn Haden. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé bí ó bá so, kò ní í kan, kò ní í ṣú ni lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọmọ igi náà ni. Igi náà gan-an ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní àsìkò máńgòrò tí ó ń bọ̀, ẹ má ṣe jẹun kí ẹ sì kàn ju kóró nù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí wọ́n ń pe igi ẹ̀yìnkùlé yín, ẹni tí ó gbìn ín, àti ibi tí kóró rẹ̀ ti wá. Bí kò bá ní orúkọ, ẹ sọ ọ́ lórúkọ kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀bẹ tí ó mú, kí ẹ sì lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan sára igi mìíràn. Èmi ti sọ tèmi lórúkọ. Ewétútù ni mo pè é, nítorí èèpo rẹ̀ tí kì í pọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí léèrè ohun tí ó ní tí àwọn yòókù kò ní, n óò ti mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.